Gáùn Tí Ìyá Oyè Wọ̀ Lọ Jẹun Lórí Òkun

Síìpù gáùn ni mo béèrè; síìpù ṣòkòtò ni Ìyá Oyè wé sínú bébà fún mi. Àṣìṣe kékeré ni. Ìgbà tí mo dé iléèwé ni mo rí i, mo sì ti pinnu pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá dá a padà. Ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni ọ̀kadà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ìyá Oyè sọ̀ kalẹ̀, síìpù gáùn lọ́wọ́ wọn.

"Tíṣà, ẹ ò pe ohun tí ẹ fẹ́ dáadáa láàárọ̀."

"Mo pè é dáadáa, mà."

"Ẹ wá wò wọ́n! Gbogbo kíláàsì ń gbọ́, wọ́n ṣì ń bá mi jiyàn. Ẹ gba tiyín, kí ẹ fún mi ní tèmi."

Wọ́n gbà á, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́: wọ́n á sáré tún ohun tó wọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ní sọ ọ́ láé pé ó wọ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri Ìwó ni mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ni Ìyá Oyè lọ. Rárá o. Wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin ló fi ipá mú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Irọ́ ni. Wọ́n ní Sọ̀fíyàt aránṣọ ló fa gbogbo rẹ̀. Èyí ló burú jù, nítorí pé ó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, kì í sì í ṣe òótọ́.

Morádéyọ̀ ni orúkọ àbísọ Ìyá Oyè. Ọmọ Kuta ni wọ́n. Ọkọ wọn, Abọ́dúnrìn, jẹ́ awakọ̀ ní iléèwé àwọn Onítẹ̀bọmi kó tó kú. Ó lé ní ogójì ọdún tí Ìyá Oyè fi ta òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà, ọmọ méjì péré ni wọ́n sì bí: Oyèdàmọ́lá tó wà ní Kánádà, àti Àdúrà tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester.

Nígbà tí bàbá wọn kú, Àdúrà ti wà nínú bàálù tó ń gbé e bọ̀ wálé. Wákàtí mẹ́fà ló kù kó dé, ṣùgbọ́n Oyèdàmọ́lá kò dúró dè é, ó sin bàbá wọn. Ó ní àwọn àgbà ìdílé ní Olúpọ̀nnà ló ní kí òun má fi òkú falẹ̀. Ìgbà tí Àdúrà fi dé, sìmẹ́ńtì orí sàréè ti ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Wákàtí mẹ́fà péré?" Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́jọ, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí Oyèdàmọ́lá fẹ́ pé àádọ́ta ọdún, ó ní kí ìyá òun mú ibi tí àwọn yóò ti jọ ṣe ọjọ́ ìbí náà. Ìyá Oyè ti lọ kí Àdúrà rí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti rí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n á máa jẹ, tí wọ́n á máa sùn, tí wọ́n á máa lọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn fẹ́, Àdúrà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ orí omi. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó gba òdo.

"Tíṣà, bí mo bá kó wọn jọ sínú ilé, ẹni tí inú bá bí á ṣílẹ̀kùn, á bá tirẹ̀ lọ. Lórí omi, ibo ló máa gbà? Àfi tó bá fẹ́ lọ bá ẹja sùn."

Àwọn ọmọ méjèèjì gbà. Olúkúlùkù ní nítorí màmá ni.

Oyèdàmọ́lá fi ìwé òfin ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù, èmi ni mo sì kà á fún wọn ní Yorùbá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àlejò gbọ́dọ̀ múra kó tó wọ yàrá oúnjẹ ńlá. Kí ọkùnrin wọ kóòtù, kó de táì. Kí obìnrin wọ gáùn gígùn, tàbí aṣọ iyì ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì tàbí ṣòkòtò pénpé, kó máa lọ sókè, níbi tí kálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń dá ènìyàn padà lóòótọ́?"

"Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà, mà."

"Bí wọ́n bá dá mi padà, ó parí nìyẹn. Ọ̀kan á ní òun ń sìn mí lọ sókè, èkejì á jókòó sí ìsàlẹ̀. Wọn kò ní jọ jẹun."

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oyèdàmọ́lá fi àwòrán gáùn dúdú kan ránṣẹ́. "Màmá, gáùn ni gbogbo wọn máa wọ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé a ò lọ ṣe ìsìn ìdúpẹ́." Àdúrà pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Ìró àti bùbá, màmá, pẹ̀lú ìpèlé. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ìyá òun kì í ṣe òyìnbó." Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aṣọ tí Ìyá Oyè bá mú, ọmọ kan ni wọ́n gbè lẹ́yìn.

Sọ̀fíyàt ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá Oyè, ó sì ti ń rán aṣọ fún wọn láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n rán gáùn gígùn, kí apá rẹ̀ jẹ́ ti bùbá, kí ẹ wé gèlè lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gáùn ti rí gáùn. Ẹni tó bá fẹ́ bùbá, kó máa wo apá."

Ìyá Oyè rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n mú léèsì aláwọ̀ elésè-àlùkò wá.

Bí iṣẹ́ àwọn aránṣọ wa ṣe rí, oníbàárà àtijọ́ kì í dúró fún téèpù. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé; ojú ìwé tirẹ̀ ni wọ́n á ṣí. Bí wọ́n bá ní kó tún dúró, bí ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yí padà ni. Mo ti sọ fún Sọ̀fíyàt tipẹ́ pé àṣà burúkú ni. Ó ṣí ìwé, ó rí i pé àyà Ìyá Oyè jẹ́ ìǹṣì mẹ́rìnlélógójì, ó gé aṣọ.

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, Ìyá Oyè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n sì jáde. Èjìká gáùn náà ti sọ̀ dé ìgúnpá. Sọ̀fíyàt fà á sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo rán aṣọ yìí fún?"

"Ìwé rẹ ló ń purọ́."

"Ìwé mi kì í purọ́. Òun ni mo fi rán ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́dún tó kọjá, ó sì bá yín mu géé."

Ó fa téèpù yọ. Mẹ́tàdínlógójì. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́tàdínlógójì. Bó ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá Oyè di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má kọ ọ́."

Wọ́n wá sọ fún un. Wọ́n ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ ni, inú ikùn ló wà, dókítà sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá ti orí omi dé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ fún Àdúrà pé kámẹ́rà fóònù àwọn ti fọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n pe Àdúrà, màmá. Nọ́ọ̀sì ni."

"Tí o bá pè é, kò sí ọkọ̀ mọ́. Oyè á jókòó sí Kánádà rẹ̀. Tábìlì kan ni mo ń wá, Sọ̀fíyàt. Kí àwọn méjèèjì jókòó sí i, kí wọ́n jẹun tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé mi síbi tó bá wù wọ́n." Wọ́n rékọjá sí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n kó pádì èjìká méjìlá àti fóòmù wá. "Fi ìwọ̀nyí dí i."

Sọ̀fíyàt sunkún. Wọ́n mú un búra, ó ní, "Wàláhì, mi ò ní sọ." Ó rán ẹ̀wù inú kan, ó fi fóòmù sí èjìká rẹ̀, àyà, ẹ̀yìn àti ìbàdí. Lọ́sẹ̀ kejì, téèpù ka márùndínlógójì. Ó fi fóòmù kún un. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó tún fi kún un. Aṣọ ń wúwo sí i, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ń fúyẹ́ sí i.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni Àdúrà kọ̀wé sí Sọ̀fíyàt lórí Wáàsáàpù: "Àǹtí Sọ̀fíyàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n màmá ránṣẹ́. Mo fẹ́ ra kóòtù òtútù dè wọ́n." Sọ̀fíyàt gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò fọwọ́ kàn án títí tí wọ́n fi kírun Àsárì. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́: mẹ́rìnlélógójì.

Èmi náà ní ìpín tèmi. Ìyá Oyè wá bá mi, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì. Wọ́n wá bi mí pé, "Tíṣà, bí ènìyàn kò bá fẹ́ jẹun púpọ̀, báwo ló ṣe máa ṣe é tí wọn kò fi ní mọ̀?" Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń béèrè. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè gé ẹran sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa sún un káàkiri inú àwo. Mo tilẹ̀ bá wọn wí pé fọ́ọ̀kì ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹnu Àdúrà ni Sọ̀fíyàt ti gbọ́ ọ, ẹnu Sọ̀fíyàt sì ni èmi ti gbọ́ ọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkọ̀ ti gbéra. Láti ilé ni Ìyá Oyè ti wọ ẹ̀wù fóòmù náà sábẹ́ aṣọ wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ wọn. Ìyá Oyè ní àwọn fẹ́ dá sùn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ gáùn náà, wọ́n wé gèlè. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó tẹrí ba, ó ṣílẹ̀kùn. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́ta ni wọ́n fún wọn, ọmọ kan ní ọ̀tún, ọmọ kan ní òsì.

"Màmá, irú ẹwà wo lèyí!" Oyèdàmọ́lá ní. "Ẹ ti sanra sí i."

"Màmá, ẹ sọ fún ọmọ yín kó sún omi yẹn mọ́ yín."

"Màmá, ẹ sọ fún ọmọ yín pé mo ti rí i."

"Mo ti di fóònù yín," Ìyá Oyè ní. "Ó kù kí ẹ ra káàdì sí mi lára."

Oyèdàmọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Àdúrà fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún Sọ̀fíyàt pé ìgbà yẹn ló kù díẹ̀ kí àwọn parí ìjà. Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n òun tí òun ì bá sọ sí ẹ̀gbọ́n òun tààrà. Ṣùgbọ́n òógùn ń ṣàn lábẹ́ gèlè ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti gbá wọn lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ náà rì wọlé. Ó tẹ èjìká. Ó tún rì.

Kò pariwo. Ó mú wọn dìde, ó mú wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, ó fa síìpù sílẹ̀, ó fa fóòmù jáde. Ó ní òun ka egungun ẹ̀yìn ìyá òun bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí," ni ó wí. "Wọn kò jẹ́ kí n rí bàbá. Ẹ̀yin náà fẹ́ lọ láìjẹ́ kí n mọ̀?"

"Padà lọ jókòó," Ìyá Oyè ní. "Ẹ ò tíì jẹun tán."

Àdúrà jáde, fóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Oyè," ni ó wí. "Wá."

Lẹ́yìn náà ló pe Sọ̀fíyàt. Kò kí i. "Mẹ́rìnlélógójì, Àǹtí Sọ̀fíyàt. Mẹ́rìnlélógójì lẹ kọ sí mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sọ̀fíyàt wá sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì mi, ojú rẹ̀ wú, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. "Tíṣà, ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

"Wọn kò tíì kú," mo ní. "Tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ."

Ó tún un sọ bákan náà. Mo fà á dìde, mo gbé àga tèmi fún un.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Liverpool, wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé Ìyá Oyè lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù fún iṣẹ́ abẹ. Àdúrà ni ó ń jókòó tì wọ́n láàárọ̀, Oyèdàmọ́lá ni ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá ń gbà á lọ́wọ́ èkejì, n kò mọ̀, n kò sì ní kọ ohun tí n kò mọ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni a gbọ́ kẹ́yìn. Ìyá Oyè ṣì wà láàyè, ní ilé ìwòsàn kan ní Liverpool, ní àjà kẹta, lórí ibùsùn kejì láti ẹnu ọ̀nà.