Òjé Inú Ìṣẹ́tí

Àádọ́rin ẹyọ òjé ni Ìyá Fèrèsé rán sínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ oògùn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju orí àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna. Láti ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń rán aṣọ fèrèsé, òjé yìí kan náà ni ó ń rán sí ẹsẹ̀ aṣọ, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e káàkiri, kí ó lè sọ̀ wálẹ̀ tààrà. A kò gbọ́ ọ rí pé aránṣọ fi òjé sẹ́sẹ̀ aṣọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá lé, ìdí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ sá sí.

Àrùn jẹjẹrẹ ni ó mú un ní ọmú òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò fa oògùn sí i lára, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Ó ti gba mẹ́ta. Bí ó bá ti dé ilé ìwòsàn, orí òṣùwọ̀n ni nọ́ọ̀sì ń kọ́kọ́ gbé e sí. Lọ́jọ́ kìíní, ó wọn kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta, lẹ́ẹ̀kejì, méjìdínlọ́gọ́ta, lẹ́ẹ̀kẹta, márùndínlọ́gọ́ta. Dókítà wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀.

"Ìyá, bí ẹ bá tún rù ju báyìí lọ, n kò ní fún yín ní ìkẹrin. A óò dá a dúró ná."

Ọ̀rọ̀ ìdádúró yìí gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. Olùkọ́ kan wà tí wọ́n jọ máa ń jókòó gba oògùn, obìnrin aláwàdà tí ó máa ń bá irin tí wọ́n fi ń gbé oògùn kọ́ sọ̀rọ̀ pé, "Ìwọ tí o ga tó báyìí, o ò rí ìyàwó fẹ́." Wọ́n dá oògùn tirẹ̀ dúró nítorí pé ó rù. Láti ọjọ́ náà ni àga rẹ̀ ti ṣófo. Ìyá Fèrèsé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti dá ẹjọ́ náà nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti dá dúró, tirẹ̀ ti tán.

Ẹ ó ní kí ó jẹun nígbà náà. Kí ni yóò fi jẹ ẹ́? Oògùn ti sọ inú ẹnu rẹ̀ di egbò. Omi lásán ń ta á bí ata, ẹran ń rùn sí i bí irin tí ó dógùn-ún. Oníbàárà kan tún wá fi ìdánilójú ẹni tí kò mọ nǹkan kan sọ fún un pé gbogbo ohun tí ó bá ń jẹ, jẹjẹrẹ ni ó ń bọ́. Àìlèjẹ wá rí àwíjàre, ó di àìfẹ́jẹ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ó ń ṣe búrẹ́dì tà, tí ó kó wá sílé láti tọ́jú rẹ̀, kò yé jà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin tí mo sè dà?"

"Mo ti jẹ ẹ́."

"Òun náà ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ yìí? Àbí ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹ́ tán?"

"Ebi kò pa mí."

"Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀yin ti ti ọ̀nà ọ̀fun pa, ẹ ṣì ń wá ọ̀nà dé ọ̀run! Gbogbo àdúgbò ń jẹ búrẹ́dì mi, wọ́n ń sanra bí ìrọ̀rí. Egungun ẹ̀gbọ́n mi wá ń yọ gọngọ bí ìkọ́ aṣọ."

Bí àbúrò ti padà sídìí ààrò rẹ̀, Ìyá Fèrèsé lọ gun òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tí ó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà. Ó wọn kílò mọ́kànléláàádọ́ta àbọ̀. Ó ku kílò mẹ́ta àbọ̀. Ogún òjé ni ó wà nínú kílò kan. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi òwú ìlọ́po méjì sínú abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ náà ń fà á léjìká lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Àbúrò rẹ̀ wò ó títí.

"Ṣé aṣọ lẹ wọ̀ ni, àbí ilẹ̀kùn?"

"Máa bọ̀, jàre."

Ó gun òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì tí ó ní èjí fi ẹ̀yìn gègé ìkọ̀wé kan gíláàsì òṣùwọ̀n náà. "Márùndínlọ́gọ́ta géérégé! Ìyá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ ò fi ohun tó tó orí abẹ́rẹ́ rù. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Fèrèsé jókòó. Lódìkejì ògiri onígíláàsì, ẹni tí ń po oògùn gba ìwé náà, ó kà á, ó wọ ìbọ̀wọ́.

"Ọmọ mi, kí ni ìyẹn ń fi ìwé mi ṣe?" ni ó bi nọ́ọ̀sì.

"Oògùn yín ló fẹ́ wọ̀n, Ìyá. Bí ẹ bá ṣe wúwo sí àti bí ẹ bá ṣe ga sí la fi ń mọ iye tí a óò bù. Oògùn líle ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ti joro kì í lè gbé e bí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń wọn fèrèsé kí ẹ tó gé aṣọ?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tí wọ́n bá fi ojú díwọ̀n wá bá a: "Fèrèsé kì í purọ́, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ni ó ń purọ́." Láti ọgbọ̀n ọdún, kò tíì gé aṣọ kan lórí ìwọ̀n èké. Ara rẹ̀ wá ni wọ́n fẹ́ bu oògùn fún lórí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lónìí. Bí ó bá sọ̀rọ̀, àga tirẹ̀ náà yóò ṣófo. Bí ó bá dákẹ́ ńkọ́? Apoògùn ti mú ìgò kékeré kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ọmọrí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń làágùn. Kí ló dé?"

Ìyá Fèrèsé dìde. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ àga, ó ró gbà.

"Ẹ dá a dúró!" ni ó kígbe. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sá fún ti jáde. Ó yọ àlùmọ́gàjí nínú àpò, ó tú ìṣẹ́tí náà, òjé sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ àga.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí apoògùn kí ó dáwọ́ dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òjé kan. "Ìyá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èyí mà lè pa yín." Àbúrò fẹ́ bínú, ẹkún ni ó bú jáde.

Dókítà dé, ó sún oògùn síwájú ní ọjọ́ méje. Ìyá Fèrèsé fi ohùn kékeré béèrè olùkọ́.

"Ọjọ́ méje la fún òun náà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò padà wá. A pè é títí. Ẹ̀rù ló dá a dúró, Ìyá, kì í ṣe òṣùwọ̀n."

Wọ́n mú un lọ bá obìnrin onímọ̀ oúnjẹ, ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà náà tí ó sì mí kanlẹ̀. "Bí ẹ bá febi pa ara yín, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ pa, jẹjẹrẹ kò ní bá yín gbààwẹ̀." Ó ní kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́: ẹyin rírọ̀, ẹ̀wà tí a gún kúnná, ẹ̀pà lílọ̀ nínú wàrà tútù. Ó ní kí ó máa fi omi tí a bu iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu, dókítà sì kọ oògùn egbò ẹnu fún un. "Ẹ ò sọ fún wa pé ẹnu ń dùn yín. Àwa kì í ṣe aríran."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, àbúrò gbé ife ẹ̀pà àti wàrà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú rírán kan, ṣíbí kan: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó bì í, tí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sì gun òṣùwọ̀n ṣọ́ọ̀bù mọ́; ẹ̀rù ohun tí yóò rí níbẹ̀ ń bà á.

Ní ọjọ́ keje, nọ́ọ̀sì fún un ní aṣọ ilé ìwòsàn wọ̀, ó sì fọwọ́ kan ìṣẹ́tí rẹ̀ yípo. "Ẹ má bínú o, mo ti gbọ́n." Ìyá Fèrèsé gun òṣùwọ̀n, ó di ojú. Kílò méjìléláàádọ́ta àti díẹ̀.

Dókítà ka ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ka ìwọ̀n, ó tún padà ka ẹ̀jẹ̀. Àbúrò di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ẹni di okùn kànga.

"Kò tíì tó bí mo ṣe fẹ́," ni dókítà wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ó ti kọ orí sókè, ẹ̀jẹ̀ yín sì dára. Ẹ bù ú fún un ní ìwọ̀n yìí gan-an."

Nígbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, Ìyá Fèrèsé wo àga tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun pe nọ́ńbà olùkọ́ náà. Aago dún, ó dún, ó fẹ́ẹ̀ já, kí ohùn kan tí ó rẹ̀ tó dáhùn.

"Olùkọ́," ni ó wí, "èmi aránṣọ ni. Wọ́n dá èmi náà dúró, mo sì ti padà sórí àga. Ẹ gbọ́, kí ni ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"