Ẹ̀wù Àlejò Lórí Okùn

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Obìnrin kan wà tó kó o. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí aṣọ fífọ̀ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n wọn ò bí i sídìí ọpọ́n aṣọ.

Kó tó di alágbàfọ̀, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rédíò àti tẹlifíṣàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì ìkẹyìn ni tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tan tẹlifíṣàn tuntun wò kí wọ́n tó dì í. Á tàn án, á gbé etí lé e lẹ́yìn, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó bá dára, á tì í sọ́dọ̀ Onípáálí, ọkùnrin aláwàdà kan tó ń di ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá dára, á dá a padà fún Fóòmàn.

Fóòmàn ni olórí wọn nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló ní kí wọ́n máa lò dípò èyí tó nípọn, ó sì ń ti èrè rẹ̀ bọ àpò ara rẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nílé àwọn tó rà á, tí ariwo ta, ó wá orí tí yóò gbé ẹrù náà kà. Ó ní olófòófó ni Alágbàfọ̀, pé òun ló ń kó ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ lọ síta, tó ń ba ọjà wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi Fóòmàn fúnra rẹ̀.

Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ní kó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ṣìmí tó ti ya lábíyá nìkan ló wà lábẹ́ ẹ̀wù ọ̀hún. Ṣìmí yẹn ló fi gba àárín tábìlì kọjá títí dé géètì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Fóòmàn.

"Ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́," ló fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

Ohun kan ṣoṣo tó bá a délé ni ìpín tirẹ̀. Lọ́dún tí ọjà ń yá, iléeṣẹ́ ti pín ṣíà fún àwọn òṣìṣẹ́, pé kí kálukú ní bíńtín nínú ilé tó ń bá wọn kọ́. Bí iléeṣẹ́ bá sanra, ṣíà á sanra. Bó bá rù, ṣíà á rù.

Ó rù lóòótọ́. Tẹlifíṣàn tó fẹ́lẹ́ bí abọ́ fífọ́ ń ti òkè òkun wọlé, ó sì rọrùn láti rà ju tiwọn lọ. Fóònù dé, rédíò di ohun tí àwọn arúgbó ń gbé sórí àga. Fóòmàn fẹ̀yìn tì, ó sì wá iṣẹ́ mìíràn: ríra ṣíà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí ilé Alágbàfọ̀ ló fi ṣe ọ́fíìsì. Á jókòó síbẹ̀, á káwọ́ lérí bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Iléeṣẹ́ yìí ń kú lọ o. Ẹ tà á fún mi kó tó di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà." Bí wọ́n bá tà á fún un ní ẹ̀dínwó tán, àhesọ kan á jáde pé olówó kan fẹ́ ra iléeṣẹ́, ṣíà á gbówó lórí, Fóòmàn á tà á fáwọn ará ìta. Orí àhesọ ló ń gbé, bí ẹja ṣe ń gbé inú omi.

Ojoojúmọ́ ni Alágbàfọ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn okùn aṣọ. Kò kí i rí, kò sì bú u rí.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àhesọ tó tóbi jù lọ dé: iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe fóònù fẹ́ ra tiwọn pátá. Fóòmàn ò tíì gbà á gbọ́ délẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń rà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Onípáálí, tí orúnkún ń dà láàmú, wá bá Alágbàfọ̀ nílé.

"Ìyá mi, mo fẹ́ tà á fún un lọ́la. Ó ní kò níye lórí ju gààrì ìkúnwọ́ kan lọ."

"Má tíì tà á."

"Títí dìgbà wo? Orúnkún yìí ò mọ sùúrù."

"Dìgbà tí mo bá ní kó o tà á."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Sítọ́ọ̀, tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù iléeṣẹ́, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì.

"Fi ṣe àkísà. Wọ́n ní kí n dà á nù."

Ẹ̀wù àlejò ni. Funfun ni wọ́n, aláwọ̀ aró lọ́rùn. Bí àlejò pàtàkì bá fẹ́ wo iléeṣẹ́, irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọ̀ ọ́. Ọ̀gá kì í kéde fáwọn òṣìṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti rí i tí wọ́n fọ ẹ̀wù àlejò, tí wọ́n sá a sórí okùn, kálukú á gbá abẹ́ tábìlì rẹ̀, á gé èékánná. Fóòmàn gan-an á lọ ra bàtà.

"Àwọn oní-fóònù yẹn ńkọ́?" Alágbàfọ̀ bi í.

"Wọ́n ti padà lẹ́yìn wa. Wọ́n wo ẹ̀rọ wa, wọ́n ní ti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ọ̀gá ní òun ò tíì ní jẹ́ kó lu síta. Kò sí àlejò mọ́, kí la fẹ́ fi ẹ̀wù àlejò ṣe?"

Nígbà tí Ìyá Sítọ́ọ̀ lọ tán, Alágbàfọ̀ mú ẹ̀wù kan, ó nà án síwájú. Ó rí ara rẹ̀ nínú ṣìmí yíya, tó ń gba àárín tábìlì kọjá. Ó rántí ẹ̀rín yẹn. Ó gbé omi kaná.

Ó fọ gbogbo rẹ̀. Ó fi sítáàṣì sí i títí tó fi le gan-an. Kò sá a sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú títì ló ta okùn sí, ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì to ẹ̀wù náà léra wọn bí ẹni to àwọn ọmọ iléèwé.

Fóòmàn wà lórí àga, ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ní ọṣẹ. Ó dìde tòun tọṣẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa."

Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ló ń pè é. Àfi bí "ẹ" ṣe kán lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"O kú àbọ̀."

"Ẹ̀wù àlejò kọ́ nìyí?"

"Ojú ẹ ò ríran mọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn wo ló ń bọ̀?"

"Fóòmàn, ìwọ lo ní olófòófó ni mí. Mo ti jáwọ́. Aṣọ ni mò ń fọ̀."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà ta mí lólobó."

Alágbàfọ̀ fi ẹ̀múṣọ mú ọwọ́ ẹ̀wù kan mọ́ okùn.

"Màá lọ bi wọ́n ní iléeṣẹ́."

"Lọ bi wọ́n. Ìgbà tí gbogbo ayé bá rí ẹ tó ò ń béèrè kiri, ta ló tún fẹ́ ta tirẹ̀ fún ẹ ní pọ́ọ́kú?"

Fóòmàn wo ẹ̀wù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin okùn. Ojúkòkòrò rẹ̀ bá a ka iye wọn. Ó nu ọṣẹ lẹ́nu pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó sì yára lọ, ó gbàgbé pé onígbàjámọ̀ ò tíì fá apá kejì.

Alágbàfọ̀ ránṣẹ́ sí Onípáálí. "Sọ fáwọn ènìyàn wa. Kí wọ́n máa tà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbówó lé e. Bó bá fẹ́ pọ́ọ́kú, kí wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀wù."

"Àbí àwọn àlejò ń bọ̀ ni? A ò ní kábàámọ̀?"

"Tà á."

Onípáálí wò ó lójú, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ga o. Ìyá mi, ṣé kò ní pọ̀ jù fún un?"

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣìmí mi ò pọ̀ jù fún un nígbà náà."

Ọkọ̀ ẹrù ni Fóòmàn kọ́kọ́ tà. Lẹ́yìn náà ló fi ilé alájà rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó. Ó ń rìn láti ilé dé ilé, ó ń ra ṣíà bí ẹni tó ń ṣa èso lábẹ́ igi kó tó di pé òjò dé. Alágbàfọ̀ ló ta tirẹ̀ kẹ́yìn, ní iye tẹ́nikẹ́ni ò tíì gbà.

"Ẹ máa rí mi láàárín àwọn àlejò yẹn," Fóòmàn wí. "Màá ní kí wọ́n wá ẹ̀wù kan fún mi."

"Èyí tó bá ẹ mu wà níbẹ̀," obìnrin náà dáhùn.

Rédíò onígbàjámọ̀ ló tú u, rédíò tí iléeṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ṣe. Àwọn oní-fóònù ò rà á mọ́. Iléeṣẹ́ máa ti ilẹ̀kùn. Ṣíà rẹ̀ ò tó ohun tí à ń fi wé ẹ̀pà.

Fóòmàn sọdá títì bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó bá Alágbàfọ̀ pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ń gé àwọn ẹ̀wù náà sí àkísà.

"O pa mí."

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

Ó ya ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú orí rẹ̀ lọ, wá ọ̀rọ̀ náà bọ̀, kò rí i, torí obìnrin náà kò sọ ọ́. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Alágbàfọ̀ ju àkísà kan sí i.

"Fi nujú."

Ó fi nujú lóòótọ́, ó sì yí padà. Kò bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dun Alágbàfọ̀, torí ó ti ń múra ohun tó máa fi dá a lóhùn láti ọdún tó ti pẹ́.

Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni kò gé. Láràárọ̀ ló ń ki í bọmi, tó ń sá a sójú títì, ibi tí Fóòmàn gbọ́dọ̀ gbà bó bá ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ sí yàrá kékeré tó háyà. Òjò ń pa á, oòrùn ń sá a, ọrùn aláró rẹ̀ ti ṣí.

"Ìyá mi," Onípáálí béèrè lọ́jọ́ kan, ó ń na orúnkún tó ti gba ìtọ́jú, "ẹ̀wù yìí ò lè gbẹ láéláé ni?"

Alágbàfọ̀ fọwọ́ kan etí ẹ̀wù náà, ó sì wo títì. Fóòmàn ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Kò tíì gbẹ," ló wí.