Omi Ọyàn Láìsí Ọmọ

Ìyá ọkọ mi kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi máa ń bú ni. Nígbà tí mo lo ọdún mẹ́rin nílé ọmọ rẹ̀ láìlóyún, ó wá láti Ẹ̀pẹ́ sí yàrá méjì tí a háyà ní Ìgbògbò, ó to ìgò àgbo mẹ́fà sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyàwó, ilé ọmọ rẹ ló dọ̀tí. A máa fọ̀ ọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Àgbo náà korò ju ohunkóhun tí mo ti fẹnu kàn rí lọ. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń bì. Màmá kò gbà pé àgbo ló burú. Ó ní inú mi ni kò gba nǹkan rere. Ó bá ra hóró oògùn funfun kan tó ń dá èébì dúró ní kẹ́míìsì, ó ní kí n máa lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ kí àgbo lè dúró nínú mi. Àgbo dúró lóòótọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lò ó, nítorí mo fẹ́ bímọ débi pé mo lè mu omi bátìrì bí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń lò ó, nǹkan oṣù mi kò wá. Mo yọ̀ bí òmùgọ̀. Mo pe Màmá kí n tó ṣe àyẹ̀wò kankan, òun náà sì ti ròyìn yíká àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fi hàn pé kò sí oyún. Màmá ní, "O tún ti ń parọ́ báyìí," ó sì pa fóònù.

Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ní àṣà kan: bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, ẹni tí kò tíì bí ni wọ́n máa ń gbé e fún pọ̀n, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè pe tirẹ̀. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ, wọ́n pè mí wá sí Ẹ̀pẹ́ fún ìkómọ. Mo tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ọmọ sí mi lẹ́yìn, wọ́n so ọ̀já. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí mo ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni iwájú bùbá mi tutù. Mo rò pé òógùn ni. Obìnrin kan fọwọ́ kan aṣọ náà, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, ó sì lọ pe Màmá.

Màmá kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ká bùbá mi sókè níwájú obìnrin mẹ́sàn-án, ó fi ìka méjì tẹ orí ọmú mi, omi funfun sì jáde. Ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà lẹ́yìn mi.

"Ọmọ tó ni omi yìí dà?" ni ó wí. "Ṣé o jù ú nù ni, àbí o fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ ní Ọ̀ṣun?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bímọ rí."

"Mo bí mẹ́fà. Ìwọ lo máa wá sọ ohun tó ń fa omi sọ́yàn fún mi?"

Wọ́n tú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi, ẹni tó gbà á sì nu ara ọmọ náà bí ẹni pé mo ti kó àìsàn ràn án. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọkọ mi bi mí pé ta ni bàbá ọmọ náà. Ìyẹn nìkan ló bá mi sọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti so yìgì ìyàwó mìíràn fún un, ọ̀dọ̀ Màmá ní Ẹ̀pẹ́ sì ni wọ́n fi í sí. Mo ṣì ń gbé hóró funfun mì. Mo fẹ́ bí ọmọ tí màá fi dá wọn lóhùn.

Omi náà kò dá, ni mo bá lọ rí dókítà obìnrin kan ní Ìkòròdú. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ gbogbo ènìyàn, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó ń tú họ́móònù kan sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́móònù yìí ló ń mú omi wá sọ́yàn abiyamọ. Òun náà ló ń sọ fún ilé ẹyin pé kó sinmi ná, ọmọ ṣì ń mu ọyàn. Tèmi ti pọ̀ kọjá ààlà. Ó bi mí ní oògùn tí mò ń lò, mo sì kó hóró funfun náà síwájú rẹ̀.

"Èyí ló ń gbé họ́móònù náà sókè," ni ó wí. "Ẹ̀yin ń wá ọmọ, ẹ sì ń fi oògùn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún mi. Mo jáwọ́ nínú oògùn náà, omi ọyàn dá, nǹkan oṣù mi sì padà dé. Lọ́jọ́ kejì tó dé mo wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo forí lé Ẹ̀pẹ́. Títí tí mo fi dé ni mo ń kọ́ bí màá ṣe ka ìwé náà sí Màmá létí níwájú obìnrin mẹ́sàn-án yẹn.

Màmá ti lọ sọ́jà ẹja. Ìyàwó kékeré nìkan ló wà nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá, ó ń pè mí ní ìyálé rẹ̀. Lójijì ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ tó ń bì. Mo rò pé ó ti lóyún. Ó padà wá, ó ń nu ẹnu, ojú ń tì í.

"Àgbo Màmá ni o, mà. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú hóró funfun jáde nínú ọ̀rá. Kò tíì lo ẹyọ kan. "Wọ́n ní èyí ò ní jẹ́ kí n máa bì í. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lò ó. Ṣé kò léwu, ìyálé mi?"

Ọwọ́ mi wà lórí ìwé dókítà nínú báàgì. Bí mo bá mú un jáde, orúkọ mi a mọ́ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, òun náà a sì bímọ fún ọkọ mi. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kórìíra rẹ̀.

"Kò léwu," ni mo wí. "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni. Má fo ọjọ́ kankan."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mu omi rẹ̀ tán, mo ní mi ò ní dúró de Màmá mọ́. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀, kò sì gbà kí n gbé báàgì náà fúnra mi.