Ọ̀bẹ Lórí Ìṣó Alága

Èmi ni mo ń kun ẹran fún àwọn ọdẹ Egan nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ lọ́nà Igando. Wọ́n á pa á, wọ́n á gbé e wá síwájú ààrò mi, èmi á wi í, mà á là á, mà á yan án. Ọrùn ẹran ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ mi, òun náà ni mo ń tà tí ọmọ fi ń lọ sílé ìwé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé obìnrin kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ta ló ń rí inú ẹran bí kò ṣe èmi?

Àwọn ọdẹ wa ní òfin kan. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í yìnbọn létí odò, nítorí ibẹ̀ ni ẹtu ń bímọ sí. Ẹni tó bá pa abo tó lóyún, ìbáà ṣe pé ó ṣèèṣì, yóò gbé ìbọn rẹ̀ lọ kọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ọdẹ títí òjò yóò fi dá. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣó tiẹ̀ lára ògiri náà. Ọkọ mi kọ́ ìbọn rẹ̀ lọ́dún kan. Gaàrí la jẹ títí, a kò kú.

Ni Alága bá dé. Owó ló sọ ọ́ ní Alága, kì í ṣe pé ó ń darí ẹgbẹ́ kankan. Ó ń ta ilẹ̀, ó ra ìbọn tuntun, ó wọ ẹgbẹ́ ọdẹ bí ẹni ń wọ agbádá. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ó fi ọkọ̀ gbé ẹtu wá síwájú ààrò mi, ẹ̀rín ló ń rín. Mo la ikùn rẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, irun ti bo gbogbo ara rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo jókòó sílẹ̀.

"Alága, ẹ máa gbé ìbọn lọ kọ́ nìyẹn o," mo ní.

"Ìbọn tí mo fowó gidi rà? Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká gbádùn jàre. Ẹran ò lè tán nínú igbó."

Nírọ̀lẹ́, ó pín páálí ọta fún gbogbo ọdẹ. Ọkọ mi gba tiẹ̀. Ẹnu jẹ, ojú tì. Olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ wúkọ́, ó ní ayé ti yí padà, ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mi ò fi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọ ọ̀bẹ tí mo fi ń kun ẹran, mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo sì fi kọ́ sórí ìṣó Alága.

Olórí ọdẹ jáde sí mi. "Ìyàwó, kí lèyí? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ ọdẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ń bá onítọ̀hún di àyè rẹ̀ mú ni. Ọjọ́ tí ìbọn rẹ̀ bá dé, ọ̀bẹ mi á kúrò."

Mo da omi síná ààrò mi, mo ní mi ò kun ẹran fún ọdẹ kankan mọ́. Wọ́n bú mi títí. Wọ́n ń gbé ẹran lọ kun ní Ìṣẹ̀rí, ó ń bàjẹ́ lọ́nà. Alága ra fíríìsà, iná ìjọba lọ, gbogbo àdúgbò fi aṣọ bo imú. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ebi ń pa wá nílé tiwa náà, ọkọ mi kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ mu omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti igbó dé lọ́wọ́ òfo, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí ẹtu kan létí odò," ó ní. "Ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Mo na ìbọn sí i, ojú rẹ ni mo ń rí ṣá."

Ó dìde níbẹ̀. Ó dá ọta padà fún Alága, ó sì lọ gbé ìbọn tiẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ làwọn yòókù tẹ̀lé e. Olórí ọdẹ ló kẹ́yìn, ojú ń tì í.

Alága kò wá ní tiẹ̀. Nígbà tó yá, ó ta etí odò náà, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, mi ò sì ní sọ pé a gba igbó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ẹtu bímọ. Ìbọn gbogbo ọdẹ Egan wà lára ògiri títí òjò fi dá, nígbàkúùgbà tí Alága bá sì ń kọjá, ọ̀bẹ obìnrin ló ń rí lórí ìṣó tiẹ̀.