Èdè Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Bá Ata Jà

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ata, ó ń bá a jà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu mi, ìfófòó ọṣẹ ti ń kán sí mi láyà. Mo mọ̀ pé ìjà ni nítorí bó ṣe ń naka sí ata ọ̀hún, àmọ́ n ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ. Nígbà tó ṣe, ó sún sídìí ewúro, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó bu omi tó fi ṣan ìrẹsì sí i nídìí, ó fọwọ́ nu eruku lára ewé kan, ó rẹ́rìn-ín. Bó ṣe bojú wẹ̀yìn tó rí mi, ẹ̀rín náà kú.

“Ṣé o ti kí mi?” Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ ló fi bi mí.

Mo yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀. Lọ fọ ẹnu ẹ tán.”

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ìkòròdú là ń gbé, lọ́nà Ìjẹdé, bàbá àti màmá mi a sì ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n a lọ wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Benson, tàbí kí wọ́n gba Èbúté lọ wọkọ̀ ojú omi, torí pé Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ìyá àgbà la ni ilé títí dìrọ̀lẹ́. Ó ní àṣà tiẹ̀. Bàtà tí ẹnikẹ́ni bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, yóò yí imú rẹ̀ síta. Àlejò mìíràn a rò pé wọ́n ń lé òun ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló ń ká a lára jù. Bí mo bá ní, “Mo ti fínìṣì,” á ní, “Kí lo fi ṣe kí ni?” Kò ní gbé àwo lọ́wọ́ mi àfi ìgbà tí mo bá sọ pé mo ti jẹun tán. Òun fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Kí wá lèyí tó ń bá ata sọ? Mo bi bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé kan tó ń fọ mọ́tò rẹ̀ tí kì í gbé lọ síbi iṣẹ́.

“Ìlàjẹ ni. Etí òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti wá.”

“Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?”

Ó fún omi kúrò nínú kànìnkànìn. “N ò gbọ́. Wọn ò bá mi sọ ọ́ rí.”

Ó rú mi lójú. Báwo lèèyàn ṣe máa bí ọmọ, tí ọmọ ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ata sọ? Mo lọ bi ìyá àgbà. Ó ní òun ò mọ ohun tí mo ń wí. Mo tún bi í lọ́jọ́ kejì, ó ní ata ló ń gbọ́ ọ jù. Lọ́jọ́ mìíràn, a jọ ń já ewé ewúro, n ò tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan, ló bá ní, “Ewé kì í fini ṣe yẹ̀yẹ́.” Ó ní nígbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ wá sí Ìkòròdú, bóun bá ti lanu nídìí kànga báyìí, àwọn obìnrin á máa sín òun jẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ikùn mú. Lòun bá panu mọ́ títí òun fi mọ èdè tiwọn.

“Ṣé inú bí yín, mà?”

“Mo pọn omi mi, mo gbé e lọlé.”

N ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi sọ pé òun fẹ́ fi òkúta íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kí mọ́tò ríbi dúró, kí ẹrẹ̀ sì yé wọlé. Mo rò pé ogun dé. Ìyá àgbà kàn ní, “Ó dáa.” Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ hú gbogbo ewéko náà, ó fi láílọ́ọ̀nù tútù wé gbòǹgbò wọn, a sì ń pín wọn kiri àdúgbò. Ewúro bọ́ sọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì. Ìyá àgbà ò sunkún. Àwàdà ló ń ṣe lọ́nà. Màmá mi ní, “Ẹ ò rí i? Màmá ò ní wàhálà.”

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin òdìkejì títì náà wá bá bàbá mi lẹ́nu géètì.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Màmá wà lẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń bá sọ ọ́. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn ọmọ mi.”

Bàbá mi ò dúró wọ bàtà. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà lóṣòó sídìí ewúro.

“Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Ó wò ó títí. Ló bá dá a lóhùn ní èdè tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń sọ ọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ṣa ọ̀rọ̀ sọ rárá. Bàbá mi dúró bí ẹni tó ṣìnà.

“Màmá, n ò gbọ́.”

“Mo mọ̀,” ó fi Yorùbá tiwa wí, ó gbọn ọwọ́, ó ṣáájú wa lọlé.

Bóyá ó bú u ni o, bóyá ó súre fún un ni, n ò lè sọ. Bí a ti ń sọdá títì, bàbá mi dì mí lọ́wọ́ mú. “Kí lo rò pé wọ́n sọ?” Èmi, ọmọdé! Mo ní n ò mọ̀, ó sì mi orí bí ẹni pé ìdáhùn nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi fi irin yọ íńtálọ́ọ̀kì díẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ìyá àgbà wá wò ó. “O ti ba ilẹ̀ tó dáa jẹ́,” ó ní. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ata ti wà níbẹ̀. Mo ń retí ìjà. Títí tó fi re ibi àgbà ń rè, n ò gbọ́ kó bá ata yẹn sọ̀rọ̀. Á kàn bomi rin ín, á dúró tì í díẹ̀, á wọlé.

Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé báyìí, èmi àtàwọn ọmọ mi. Lọ́jà ẹja, obìnrin kan wà tó wá láti etí òkun yẹn. Bó bá ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo máa ń dúró. Ọ̀rọ̀ kan á jọ ohun tí mo mọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó kíyè sí mi.

“Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tá à ń sọ ni?”

Mo lanu. N ò lè ní mo gbọ́, ẹnu mi ò sì gbà á láti ní n ò gbọ́. Mo na ìka sí ẹja mìíràn tí n ò nílò, mo ní kó bá mi gé e wẹ́wẹ́, kó má kánjú.