Síkẹ́ẹ̀tì Dúdú Lórí Ìṣó Màámi

Ìyá Bílíìṣì ni wọ́n ń pe màámi ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ ilẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Orúkọ náà kì í bí wọn nínú. Èmi ló máa ń bí nínú, nítorí kò sí aṣọ kan nínú ilé wa tí bílíìṣì kò tíì bù jẹ. Táwẹ́ẹ̀lì wa rí tótòtó, aṣọ ìbùsùn wa rí tótòtó. Ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́fà fọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó yẹ kó fi ọjọ́ keje sinmi, àbí? Màámi kọ́. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń fọ balùwẹ̀ tiwa.

Ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá iṣẹ́. Lẹ́tà wọn sọ ọ́ kedere pé síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun ni ká wọ̀, ẹni tó bá wọ nǹkan mìíràn kó má wulẹ̀ yọjú. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan ṣoṣo ni mo ní. Mo lọ̀ ọ́ dáadáa lọ́sàn-án, mo sì fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìdáná kó má baà rún.

Épúrọ́ọ̀nù màámi ló máa ń wà lórí ìṣó yẹn. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí àga. Mo rò pé ẹni tó bá lójú á rí i. Àṣé màámi kì í fojú wá ìṣó náà, ọwọ́ wọn ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n jáde láti balùwẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì nu bílíìṣì ọwọ́ wọn dáadáa, tinú tẹ̀yìn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àpá ìka wọn ti jókòó sára síkẹ́ẹ̀tì mi, ó ń pọ́n bí páànù tó dípẹtà.

"Màámi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ta ló gbé síkẹ́ẹ̀tì síbi épúrọ́ọ̀nù mi?"

"Ẹ ò rí i ni?"

"Ṣé ojú ni mo fi ń nuwọ́ ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n gba síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi omi ṣàn án, ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọṣẹ. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un fọ̀. Mo ní kò sí ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀, àwọ̀ gan-an ló ti jáde lọ. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní aṣọ fífọ̀. Èmi náà mú bírò dúdú, mo fi kun ojú kan. Nígbà tó gbẹ, ó di àwọ̀ àlùkò. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo sáré gbé e lọ bá télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Bá mi sọ fún Ìyá Bílíìṣì kí wọ́n fi ọṣẹ sílẹ̀ jàre. Òwú ni aṣọ yìí, á gba aró. Odindi rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pa láró o, kì í ṣe ojú ibi tó bàjẹ́ nìkan."

Ó fún mi ní páálí aró dúdú kan, irú èyí tó fi ń tún ṣòkòtò tó ti ṣá ṣe.

Ohun tó yẹ kó rọrùn yìí náà, màámi tún sọ ọ́ di wàhálà. Mo po omi gbígbóná, iyọ̀ àti aró sínú korobá, mo ki síkẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, mo fún wọn ní igi pé kí wọ́n máa fi rò ó. Mo yíjú pẹ́rẹ́, wọ́n ti ju igi sílẹ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì ti wọ inú aró dé ọrùn ọwọ́.

"Màámi, igi ńkọ́?"

"Igi ò mọ ibi tó bàjẹ́."

Èmi kò lè ti ìka kan bọ omi yẹn. Wọ́n wà níbẹ̀ fún odindi wákàtí kan, wọ́n ń ra ibi tó bàjẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó gbóná. Mo bínú sí wọn, mo sì bínú sí ọwọ́ náà pàápàá tí kò mọ omi gbígbóná mọ́.

Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì gbẹ, ó dúdú kọjá ti tẹ́lẹ̀, a kò rí àpá kankan. Ọwọ́ màámi náà dúdú. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa gbé e dé iwájú nọ́ọ̀sì àgbà tó máa ń yẹ ọwọ́ wọn wò láràárọ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́: nígbà tí mo jí, òórùn bílíìṣì ti gba gbogbo ilé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ kí aró lè ṣí. Aró ti ṣí lóòótọ́, bílíìṣì ló kù lọ́wọ́ wọn.

Mo wọṣọ tán, mo dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ iléèwé, ibẹ̀ ni màámi ti máa ń tún aṣọ mi ṣe kí n tó jáde. Wọ́n wá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì yára fà á padà. Wọ́n kó méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n wá fi àgbọ̀n júwe ọrùn mi.

"Kọ́là ẹ ti ká. Tún un ṣe."

Inú ṣì ń bí mi. Síbẹ̀ mo sún mọ́ wọn.

"Màámi, funfun ni búláòsì."

Wọ́n rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọwọ́ jáde, wọ́n rọra na kọ́là náà, ìka wọn ń rùn bí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n sì fa ìdí sẹ́yìn kí ara wọn má baà kan síkẹ́ẹ̀tì.