Bí Bọ́sẹ̀dé Ṣe Ń Yan Ibi Àgọ́

Ọjọ́ tí a lọ wo ilẹ̀ tí a ó sin Bọ́sẹ̀dé ìyàwó mi sí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òórùn erùpẹ̀ tútù gbá mi nímú, mo sì dùbúlẹ̀ sórí koríko náà pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn mi. Ọmọ mi ọkùnrin sáré wá gbé mi dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó rò pé ìbànújẹ́ ti da orí mi rú. Kò mọ̀ pé ìyá òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kan náà ló sì ti bẹ̀ mí pé kí n sin òun sí Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tirẹ̀. Ìlú òkè la wà yìí, ibi tó jìnnà sí omi.

Ọmọdé ni wá ní Ayétòrò, nígbà tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ ti gbogbo wa: ọkọ̀, àwọ̀n, ìkòkò ọbẹ̀, títí kan ṣòkòtò ìdí mi. Bọ́sẹ̀dé fi ọdún kan jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ìgbà ẹja bá dé, àwọn àgbà a máa kó àwa ọmọ tó ti tó wa ọkọ̀ lọ sí etíkun tó jìnnà. A ó pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó máa pẹja, a ó máa yan án.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Baba Atukọ̀, tó ṣáájú wa, ní kí àwa ọmọkùnrin yan ibi tiwa, kí àwọn ọmọbìnrin yan tiwọn. Èmi ni mo yan tiwa: iyanrìn funfun tó tẹ́ bí ẹní, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ ru ẹrù jìnnà.

Bọ́sẹ̀dé gun òkè iyanrìn lọ. Ó wo ibi tí omi ti gbá igi gbígbẹ jọ nígbà tó kún gbẹ̀yìn, ó kọjá rẹ̀. Ó wá ibi tí ewéko ti fà nílẹ̀ tó sì yọ òdòdó, nítorí ewéko bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé níbi tí omi iyọ̀ bá ń dé. Ó yẹra fún ẹ̀gbẹ́ igbó, níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè lé ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ gbalaja, ó di ojú.

"Ìyàwó ilẹ̀!" ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yìn mi ni mo fi ń bi í léèrè bóyá ó gbẹ," ó dáhùn láìlajú. "Ìwọ, ẹnu nìkan lo ní."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tí gbogbo wa wà nídìí àwọ̀n, òkun kún ju bó ti máa ń kún lọ. Ìgbà tí a fi padà dé, àgọ́ wa ti lọ, ẹní ti lọ, àpò gàrí tí ìlú fún wa ti lọ. A gun òkè lọ bá àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

"Ẹ kú àbọ̀ o," ni Bọ́sẹ̀dé wí. "Ẹja mélòó lẹ fi gàrí pa?"

Baba Atukọ̀ kò nà mí. Ó pín gàrí tiwọn dọ́gba fún gbogbo wa, kò sì béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Nítorí tèmi, àwọn ọmọbìnrin náà kò jẹun yó títí a fi kúrò níbẹ̀, Bọ́sẹ̀dé kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má wá etíkun náà lọ. Òkun ti gbé e, pẹ̀lú òkè iyanrìn rẹ̀. Ó ti gbé ojú ọ̀nà tí a ti ń sáré ní Ayétòrò, ó sì ti ń jẹ ilẹ̀ tí ìyá Bọ́sẹ̀dé sùn sí. Olúkúlùkù ló ń dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá yà sílé ẹnikẹ́ni nínú àwa tó kù, wọn kì í béèrè bóyá ebi ń pa mí kí wọ́n tó bu oúnjẹ.

Mi ò lè fi Bọ́sẹ̀dé sílẹ̀ fún omi. Ilẹ̀ tí mo yàn fún un ga, ó gbẹ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó fi gbé Ayétòrò ló fi ń gbọ́ ìró òkun kó tó sùn. Lórí ilẹ̀ gíga yìí, a kì í gbọ́ ọ.